Kọ́ńtáàtì Tuntun Tó Wà Nínú Páálí

Ṣọ́ọ̀bù Síkírù Mẹkáníìkì,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1984.

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Ṣé ọkàn ti ń fara balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá? Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò mọ́. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ohun tó jẹ́ kí n mú gègé lónìí nìyẹn. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Olúyọmí, kì í ṣe awakọ̀ lọ́rí nìkan ló pa bàbá rẹ. Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìlú ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni, èmi náà sì ń ṣe àmín nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Irọ́ ni mò ń pa.

O mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílùú: Ó-Ṣì-Wúlò. Láti ìgbà tí ohun èlò mọ́tò ti di àwátì ni mo ti gba orúkọ yẹn. Ohun tí mẹkáníìkì mìíràn bá ní kí wọ́n jù sígbó, èmi á gbé e sójú, màá ní, "Ó ṣì wúlò." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yìn mí, orí mi á wú. Kí n má purọ́, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju owó iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Píjó Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láràárọ̀ lóṣù karùn-ún, mo ṣí i wò. Kọ́ńtáàtì ló ti jóná, àwọn irin kékeré méjì tó máa ń kan ara wọn kí iná tó ta sí púlọ́ọ̀gì. Ojú wọn ti dá kòtò. Mo fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha á, mọ́tò dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún dákú, mo tún ha á. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù lánàá pàápàá mọ̀ pé kọ́ńtáàtì tí a bá ti ha lẹ́ẹ̀mejì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, Olúyọmí. Mo ha á lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bẹ́ẹ̀ sì ni tuntun tí o fi ránṣẹ́ láti Kàdúná ń bẹ nínú páálí! Bàbá fúnra wọn gbé e wá bá mi, wọ́n ní, "Síkírù, ṣé kò yẹ kí á pààrọ̀ ẹ̀ báyìí?" Mo ní, "Bàbá, kí la fẹ́ fi kánjú ṣe? Ẹ jẹ́ ká tọ́jú tuntun dọjọ́ tí ojú bá pọ́n. Èyí á ṣì gbé wa dé ẹ̀ẹ̀rùn." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ." Wọ́n dá a padà sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ká aṣọ tuntun sí ìsàlẹ̀ àpótí de ọdún. Tíṣà tó kọ́ mi ní A-B-D, tí ìwé tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ló gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Màmá sọ fún mi lẹ́yìn tí ẹ ti padà sí òkè ọya rèé. N kò rò pé wọ́n sọ ọ́ fún ọ. Òjò wínníwínní ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mọ́tò kú sí kọ́nà. Bàbá ní kí Màmá bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ páálí ìṣáná. Màmá ní, "Bàbá Yọmí, tuntun kúkú wà nínú ọkọ̀, ẹ ò ṣe fi í sí i?" Bàbá dáhùn pé, "Síkírù ní kò tíì tó àsìkò." Ibi tí wọ́n ti ń ha á ni lọ́rí tó ru gẹdú ti yọ lẹ́yìn. Ó kọlu mọ́tò, mọ́tò sì gun Bàbá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, o dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, o ní, "Síkírù, o ṣeun. Ìwọ lo bá mi tọ́jú bàbá mi." O tún ní kí n máa mú òkú mọ́tò náà lọ. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá kó sí i. Màmá kò sì bá mi wí rí. Lánàá òde yìí, wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Mo gbé àwo náà padà fún wọn bó ṣe wà.

Òní ni mo tó láyà láti ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù. Páálí náà wà níbẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já. Bàbá ti fi bíírò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé, "Ó di ẹ̀ẹ̀rùn. Síkírù ló sọ bẹ́ẹ̀."

N kò sọ pé kí o dárí jì mí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ọpẹ́ kò tọ́ sí. Bí o bá ní kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà yín mọ́, n óò gbà. Bí o bá sì fẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ, kọ̀wé sí mi, èmi fúnra mi ni n óò dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ fún wọn.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó bá wa dá Màmá sí. Òfò kò ní wọlé rẹ mọ́, ọ̀nà kò ní nà ọ́, àwọn ọmọ rẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jẹun nínú àwo kan,
Síkírù Ìbítáyọ̀.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún ṣí i. N kò lè jókòó. Mo já páálí náà, mo fi kọ́ńtáàtì tuntun sí ẹ́ńjìnnì Bàbá. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn, kò wúkọ́ rárá. Àwọn tó ń kọjá lọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe pé, "Ó-Ṣì-Wúlò! Ọwọ́ ẹ ò ní rọ!" Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.