Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ Mi Ti Bó Mi Lọ́rùn Ọwọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí iṣẹ́ rẹ tí kì í jẹ́ kí o sinmi. Bí o ṣe ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, kí ara rẹ le koko, kí inú rẹ dùn, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má rí ẹ̀sùn kankan kà sí ọ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò náà kò jò mọ́ nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ tí mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ tí o fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fẹ́ sọ, ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ fún mi pé aago yẹn àti fóònù mi jọ máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mi ò lè máa sọ ẹnìkan láìdáa létí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti fóònù náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo fi aṣọ mẹ́ta bò ó lórí, kí n tó mú bírò.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára níbẹ̀. Aago náà gbọ́n. Ìwọ àti dókítà lẹ ní mò ń jókòó jù, pé kí n máa rìn. Ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tí oníṣàjì, ọmọ tó ń bá wa gba iná sí fóònù, bá mi so ó mọ́ fóònù, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mò ń ti aṣọ lọ, mò ń fà á bọ̀, nígbà tí n óò fi wo ọwọ́ mi, aago ní mo ti rin ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mi ò tíì kúrò lórí àga o! Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó. Ó ní ṣé aago yẹn mọ̀ pé mo jókòó ni? Mo ní aago tó rí inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ṣé àga ni kò ní í rí? Ohun tí mo rò ni pé ojú rírán kọ̀ọ̀kan ló ń kà sí ìṣísẹ̀ kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, á jẹ́ pé mo ti fi ẹsẹ̀ rin ayé já láìjẹ́ kí ìdí bàtà kan jẹ. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún dókítà.

Ó tún máa ń pàṣẹ. Tí mo bá pẹ́ lórí ìjókòó, á gbọ̀n lọ́wọ́ mi, á ní kí n dìde, èmi náà á dìde, torí owó tí o ná lé e lórí kì í ṣe kékeré. Nípàdé àwa télọ̀ tó kọjá, ó gbọ̀n, mo dìde, alága bá ní kí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí bàbá fẹ́ sọ. Mi ò ní ohunkóhun láti sọ. Mo bá dábàá pé kí a kun gbọ̀ngàn ìpàdé wa lọ́dà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi mí ṣe olórí ìgbìmọ̀ ọ̀dà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló fẹ́ wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí owó kò dé, mo sún aago sókè, mo rí i pé ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ní igun mẹ́rin gẹ́lẹ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ọmọ mi, mo ti ń gé aṣọ láti kékeré, mi ò tíì gé igun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá ń rò ó pé kí ni aago yìí ń wá lára mi tó fi wọn ilẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Iná aláwọ̀ ewé tó máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo ní bóyá ó ń wo ẹ̀jẹ̀ mi ní àwòjù ni, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹjú mọ́ ẹlòmíì títí tí ara onítọ̀hún á fi gbóná. Torí náà, mo rán aṣọ inú fún un, bí èyí tí a máa ń fi sábẹ́ kóòtù. Mo gé aṣọ funfun tó fúyẹ́, mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sáàárín awọ mi àti aago, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọjọ́ yẹn náà ni o pè pẹ̀lú ẹkún. O ní láti àárọ̀ ni o kò ti rí lílù ọkàn bàbá rẹ lórí fóònù rẹ, pé ṣé mo wà láàyè. Mo ní mo wà láàyè, ṣebí èmi ni mo gbé fóònù. O ní kí ló wá ṣe aago? Mo ní mo bọ́ ọ láti wẹ̀ ni. Irọ́ ni, ọmọ mi, aṣọ inú yẹn ló bo iná rẹ̀ lójú. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé ẹ̀bùn rẹ ń bó mi lára, inú rẹ á bàjẹ́, wàá ní bàbá rẹ kò mọ ohun tó dáa. Bí o ṣe pa fóònù ni mo já aṣọ inú yẹn kúrò, mo fún aago mọ́ ọwọ́ dáadáa kí o lè máa rí ọkàn mi, mi ò sì bọ́ ọ mọ́, ìbáà ṣe ibi ìwẹ̀, ìbáà ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ ní kí n bọ́ ọ. Mo ní tí mo bá bọ́ ọ, ọmọ á rò pé mo ti kú. Ó ní kí n má bọ́ ọ nígbà náà, kí n jẹ́ kí ọwọ́ já bọ́, ká wá wo èyí tí ọmọ á fẹ́ràn jù nínú méjèèjì.

Kò pẹ́ tí omi fi ń sun níbẹ̀. Ọwọ́ wú, sísọ́ọ̀sì kò ṣeé dì mú mọ́, aṣọ ilé ìwé tí ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní kí n rán fún àwọn ọmọ sì kún orí tábìlì mi dé àjà. Ìyá rẹ ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó fà mí ní ọwọ́ kejì lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀, ó ní ǹjẹ́ ohun kan wà tí ara rẹ kò gbà? Inú mi dùn pé ìjọba ń béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ èèyàn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara mi kò gba ariwo, kò gba òtútù, kò sì gba kí oníbàárà gbé aṣọ lọ láìwọ̀ ọ́ wò kó tó wá padà wá sọ pé apá fún. Nọ́ọ̀sì kà á, ó dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń gbàdúrà fún mi ni, mo ṣe àmín.

Nígbà tó gbórí sókè, ó bọ́ aago náà, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tọ́ka sí irin dídán tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní iná yẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan, pé òógùn àti ọṣẹ ló há sábẹ́ aago nítorí pé mo fún un jù, mi ò sì bọ́ ọ kí ara fẹ́ atẹ́gùn. Ó ní ṣùgbọ́n bó ṣe rí yìí, ó dà bíi pé níkẹ́lì náà wà níbẹ̀. Mo ní ta ni Níkẹ́lì, ọmọ ta ni? Ó ní irin kan ni, wọ́n máa ń pò ó mọ́ nǹkan tí wọ́n bá fẹ́ kó dán, ara àwọn kan kì í sì í gbà á. Ó wá béèrè bóyá irin ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fẹ́ ní rárá. Ni mo bá rántí fìlà irin kékeré tí àwa télọ̀ máa ń dé sórí ìka láti fi ti abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, gbogbo ìgbà tí mo bá dé e ni ìka mi ń bó. Ọ̀gá mi ní ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú. Mo jù ú nù, mo sì ti ń fi ìka lásán ti abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn, kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Ó tún ní irú ara báyìí lè wà nínú ẹbí, ṣé kò sí ọmọ mi kankan tí irin ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Mo ní ọmọ kan ni mo ní, kò sì ṣe é.

Ọmọ mi, ìdajì ọ̀nà ilé ni mo dé tí mo dúró. Ìyá rẹ rò pé aago ló gbọ̀n. Aago wà lápò rẹ̀.

Síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ ni mo rántí, èyí tí mo rán fún ọ nígbà tí o wọ kíláàsì kìíní. Mo fi bọ́tìnnì irin sí i níwájú, ó ń dán bíi dígí, kò sí ọmọ tó ní irú rẹ̀. Àràárọ̀ ni o máa ń sunkún pé ó ń jẹ ọ́ níkùn. Mo ní ìṣirò ni o kò fẹ́ ṣe. O já a, o fi okùn so síkẹ́ẹ̀tì. Mo fi òwú ìlọ́po méjì rán an padà kí o má lè já a mọ́, mo sì ní kí o dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà lè rí ọmọ télọ̀ tó ń já bọ́tìnnì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, mi ò jókòó. Mo da agolo bọ́tìnnì sílẹ̀, mo ṣà á títí mo fi rí ọ̀kan nínú irú wọn. Mo fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú apá mi, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ náà má sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó ta mí lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì, mo fẹ́ já a dànù, mo ní rárá o, odindi ọ̀sẹ̀ ni ìwọ fi wọ̀ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni ọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo ṣí i. Ó ti pọ́n, ó ti sú, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì gẹ́lẹ́. Kì í ṣe ìṣirò. Òótọ́ ni ò ń sọ fún mi láràárọ̀, èmi ni mi ò gbọ́. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má bínú sí bàbá rẹ.

Ọwọ́ ti ń san. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìpara, ó ní kí n máa fi omi fọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ó ní mi ò gbọdọ̀ wọ aago yẹn mọ́ àyàfi tí a bá rí èyí tí kò ní irin nídìí, kí okùn rẹ̀ jẹ́ aṣọ, kó dẹ̀ tó kí ìka kan lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí n sì máa bọ́ ọ wẹ̀, kí n máa bọ́ ọ sùn. Torí náà, tí o kò bá rí ọkàn mi lórí fóònù, má sunkún, ó ń lù níbí.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ. Aṣọ ilé ìwé tó wà lórí tábìlì mi, bọ́tìnnì irin ni mo ti rán sí gbogbo rẹ̀. Mo lọ bá ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi bọ́tìnnì rọ́bà pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní èyí tó ń dán ni àwọn fẹ́, àwọn kò ní í fi kọ́bọ̀ kún owó. Nọ́ọ̀sì ní èèyàn díẹ̀ ni irin yìí máa ń yọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ni díẹ̀ yẹn nínú àwọn ọmọ náà. Mo ti ń tú wọn. Fi owó bọ́tìnnì ránṣẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, má fi sí báǹkì o, nítorí ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ẹ̀rọ wọn kọ ọ́ síwájú pé kí n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, mo sì dúró títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Kí o tó dé ìdí ìwé yìí, jọ̀ọ́, wo etí ọmọ rẹ obìnrin bóyá yẹtí rẹ̀ ń yún un. Sì sọ fún mi, ṣé àpá bọ́tìnnì yẹn ṣì wà níkùn rẹ?

Kí ara rẹ máa gba ohun rere, kó máa kọ èyí tí kò dáa. Ilé rẹ á tòrò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á lérè, o ò ní í ṣàìsàn, o ò ní í sunkún ọmọ. Níbi gbogbo tí o bá ti sọ pé nǹkan ń dùn ọ́, kí ẹni tí o sọ fún gbà ọ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
télọ̀.