A Dúró De Ìràwọ̀ Nítorí Oríkì

Alẹ́ Sátidé, Niger Street

Ìràwọ̀ ti yọ, Sábáàtì ti parí, mo wá lè mú bírò.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní òfin àwa Júù, oorun ni wọ́n ń sùn. Lálẹ́ àná tí Sábáàtì wọlé, mo pa ìwé dé. Mo gbé ọwọ́ lé Dúpẹ́, ọ̀kan nínú wọn, lórí, mo súre fún un bí Bàámi ṣe máa ń súre fún mi lálẹ́ Fúráìdé. Oríkì mi ni Bàámi fi ń parí ẹ̀. Dúpẹ́ ò mọ tiẹ̀.

"Uncle, Grandma for Ọ̀fà go sabi am. Make we call am?"

"A kì í pe fóònù ní Sábáàtì. Ó di ọ̀la, tí ìràwọ̀ bá yọ."

"To, sai gobe," ó fi Hausa gbà pé ó di ọ̀la.

Mo rò pé á gbàgbé ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wojú ọ̀run.

Bí ìràwọ̀ ṣe yọ, a pe Ọ̀fà. Màmá àgbà gbé fóònù, Dúpẹ́ béèrè oríkì ẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́ mi!"

Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn ní, "Ẹ tún un pè, Màmá."

Wọ́n tún un pè. Wọ́n wá béèrè oríkì tèmi náà, mo sọ ọ́ fún wọn.

"Àkànní, o ṣeun o."

Látìgbà tí Bàámi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà ní kí wọ́n tún un pè.