Ẹ̀yìn Ọkọ Mi Títí Dé Pópó

Ọjọ́bọ̀, 1 Disẹ́ḿbà, 1988. Ìkòtún.

Ọ̀la là ń lọ. Máṣíìnì mẹ́ta, èèyàn márùn-ún. Ọláyíwọlá, ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó kó lọ sí ìlú Pópó tó wà kọjá Kútọnu, fẹ́ ṣílé, làwọn onímáṣíìnì Ìkòtún bá ní etí òkun làwọn máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Julius ni alága. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ọmọ ọwọ́. Ṣàíbù máa dá gun tiẹ̀, kò tíì níyàwó. Èmi máa wà lẹ́yìn Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀yìn.

Orúkọ tí mo sọ ọkọ mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan. Láti ìgbà ààwẹ̀ tí ọmọ wa ti lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn. Nídìí oúnjẹ, ẹ̀yìn. Orúkọ ọmọ ló fi ń pè mí tẹ́lẹ̀, Ìyá Lágbájá. Kò lè pè é mọ́. Èmi náà ò lè kọ ọ́ síbí. Ní báyìí, "gbọ́ ná" ni mò ń jẹ́.

Ẹtì, 2 Disẹ́ḿbà. Àgbádárìgì.

Ìdí ń dùn mí, kò ṣeé fẹnu sọ. Máṣíìnì wa – Orogún ni mò ń pè é, òun ló ń rí ọwọ́ ọkọ mi – kú lójú ọ̀nà. Púlọ́ọ̀gì dọ̀tí. Òfin Julius ni pé ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá kú, kó tún un ṣe, kó bá àwọn yòókù nílùú tó kàn. Wọ́n juwọ́ sí wa, wọ́n lọ. Hàbíbátù ní, ó dàbọ̀ o, Ìyá… ló bá gbé èyí tó kù mì. Ó ń tún ọ̀já tó fi pọn ọmọ so, ọ̀já tí kò tú.

Àbámẹ́ta, 3 Disẹ́ḿbà. A ti kọjá Sẹmẹ.

Ṣéènì já. Ṣàíbù yà lọ bá wa wá òmíràn. Ó ku àwa méjì lábẹ́ igi àgbọn, òkun ń ké ní òdìkejì. Mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ mi, àṣà ti di bárakú. Ni ọkùnrin yìí bá nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó wá jókòó tì mí. Ẹ̀gbẹ́ mi! Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ yẹn…"

Ṣàíbù dé pẹ̀lú ṣéènì, ó ń súfèé. Kí Ọlọ́run san oore rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kó má tètè san án.

Kí ló fẹ́ sọ? Wọn kì í fi ojú oórì ọmọdé han ìyá tàbí bàbá. Bọ̀dá Tàjùdíìnì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àti àwọn àgbà méjì ló gbé e jáde. Àwọn obìnrin dì mí mú nínú yàrá. Ìyá ọkọ mi ní tí mo bá mọ ibẹ̀, ojú mi á dúró síbẹ̀, mi ò ní bí òmíràn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n ti tú ilẹ̀ ní Ìkòtún tí mi ò kì í dúró wò. Kódà kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù omi. Mo dúró wò ó.

Àìkú, 4 Disẹ́ḿbà. Kútọnu.

Orogún ò kú lónìí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ajé, 5 Disẹ́ḿbà. Wídà.

Mo ti ṣe é. Kí Ọlọ́run má bínú.

Táàpù epo wà lábẹ́ táǹkì. Tí ṣóńṣó rẹ̀ bá kọjú sílẹ̀, epo ń lọ. Tó bá dábùú, epo dúró, máṣíìnì á rìn díẹ̀, á kú. Nígbà tí ọkọ mi lọ kírun, mo na ọwọ́, mo fi í dábùú. A gbéra. Orogún wúkọ́, ó kú. Àwọn yòókù juwọ́, wọ́n lọ. Bó ṣe doríkodò sídìí púlọ́ọ̀gì, mo yára dá táàpù padà.

Ó jókòó tì mí. Mo retí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn Fúlàní kan ń da màlúù kọjá, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa màlúù kan tó lé òun nígbà tóun wà ní kékeré. Màlúù! Látìgbà ààwẹ̀ títí di òní, ọ̀rọ̀ màlúù ló kàn mí. Mo gbà á. Mo tilẹ̀ bi í léèrè àwọ̀ rẹ̀. Ó ní pupa ni.

Ìṣẹ́gun, 6 Disẹ́ḿbà. Pópó.

Ilé ṣí. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n jó. Hàbíbátù fẹ́ lọ wẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó máa bá a gbọ́mọ àfi èmi. Ó gbé e fún mi bí ẹni tó ń gbé àwo tánńganran. Ọmọ náà wúwo dáadáa, ó di ìka mi mú. Ọkọ mi rí wa. Ó dìde, ó jáde.

Nígbà tí mo gbọ́mọ padà fún ìyá rẹ̀, mo wá a lọ. Ó dúró létí òkun, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa. Mi ò sún mọ́ ọn. Mo padà wá fọ abọ́ àwọn onílé, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo sunkún sínú omi abọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́rú, 7 Disẹ́ḿbà.

A ti ń bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 8 Disẹ́ḿbà. Àgbádárìgì.

Mo tún fi í dábùú lónìí, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ mú irin iṣẹ́. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó wo táǹkì, ó wò mí, ó ní, "Máṣíìnì yìí ṣá, ibi tó bá wù ú ló ń kú sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ojú tì mí wọnú eegun. Ó ti mọ̀, àbí kò mọ̀? Èmi àgbàlagbà, tí mò ń fi táàpù tọrọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ mi.

Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá fẹ́ jáde, kó jókòó síbẹ̀ jàre. Ọ̀la, Ìkòtún, ká tún padà sí ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹtì, 9 Disẹ́ḿbà. Ìkòtún.

Mo máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A kọjá Ìyànà-Ìbá. Julius àti Ṣàíbù ti síwájú. Kí a tó wọ Ìgàndó, lẹ́bàá ilẹ̀ ìdílé ọkọ mi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí, Orogún wúkọ́. Ó kú. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo wo ìsàlẹ̀. Táàpù dábùú. Ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà lórí rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

"Ìyá Rẹ̀mí," ló wí. "Wọ́n ní kí n má tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo fara pamọ́, mo tẹ̀ lé wọn. Mo mọ ibẹ̀."

Ó ní látìgbà náà lòun ò ti lè wo ojú mi, kí n má baà kà á lójú òun. Ó ní tí mi ò bá fẹ́ mọ̀, òun á ṣí táàpù, ká máa lọ sílé, òun ò sì ní sọ ọ́ mọ́ láéláé. Ó ń dúró dè mí.

Mo ronú kan ìyá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó sọ. Mo sọ̀kalẹ̀.

Ó dì mí lọ́wọ́ mú, epo pẹtiróò ń rùn lọ́wọ́ àwa méjèèjì. A gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá. Ìdí igi àgbálùmọ̀ ni, ilẹ̀ ibẹ̀ ti tẹ́jú, koríko kéékèèké ti hù lórí rẹ̀. Mo jókòó. Ó jókòó tì mí. Mo pe ọmọ wa lórúkọ, ó sì bá mi pè é.

Rẹ̀mí. Olúrẹ̀mí. Mo ti kọ ọ́.