Bí Ojúńrí Ṣe Kọ́ Ọkọ̀ Wíwọ̀

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà

Ó ti jáde. Mo gbọ́ géètì. Ilé mí kanlẹ̀.

Mo ti pinnu. Màá lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin — téèyàn bá gbéra láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa dé ibẹ̀. Wọ́n ní yàrá kan ṣófo, pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á gba máṣíìnì ìránṣọ mi. Wọ́n bi mí bóyá èmi nìkan ni. Mo ní èmi àti Ojúńrí. Wọ́n ní ajá kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ó dáa, kí ẹ̀yin méjèèjì máa bọ̀.

Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún Ààrá. Ààrá ni mò ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Níwájú rẹ̀, "ẹ" ni — ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ káàbọ̀. Níbí, "ó" ni. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti bá a dọ́gba nìyí.

Lọ́dún tó kọjá tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo padà bá Ojúńrí tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ààrá ní ó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn wo? Ilé ilẹ̀ là ń gbé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Ojúńrí kì í wọkọ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tó ṣì kéré, ó gbó mọ́ àlejò Ààrá. Ààrá tì í mọ́nú ọkọ̀ nínú oòrùn, gbogbo wíńdò ní títì. Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́, ahọ́n ti yọ síta, ojú ti yí. Omi ni mo ń kán sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀mí fi padà. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ti dún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí.

Ọkọ ló ṣẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ló ń bẹ̀rù.

Bọ́ọ̀sì kì í gbé ajá. Mo ti béèrè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6

Mo lọ bá Tíṣà. Aládùúgbò wa ni wọ́n, opó, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ohùn wọn dà bíi ti sójà. Wọn ò bi mí léèrè ìdí. Ta ni ò mọ ìdí ládùúgbò yìí? Wọ́n ní, "Àbúrò mi, màá gbé ẹ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tó bá fò mọ́ mi lọ́rùn níbi tí mo ti ń sáré, ìwọ, èmi, òun, a di ẹni àná. Kọ́ ọ kó jókòó jẹ́ẹ́ ná."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24, la mú. Ààrá máa wà níbi iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́sàn-án, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ yára bí òjò. Ẹ má fipá tì í wọlé. Ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kó mọ ọkọ̀ sí ibi tí nǹkan dídùn ti ń wá. Àyà ni kẹ́ ẹ ti so ó, kì í ṣe ọrùn — bí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì, ọrùn lè ṣẹ́. Ẹ má bọ́ ọ yó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ má jẹ́ kó yọrí síta. Mo bi í bóyá oògùn oorun wà. Ó ní ká kọ́kọ́ lo sùúrù.

Sùúrù! Èmi tí mo fi sùúrù dàgbà nínú ilé ọkọ.

Ẹtì, ọjọ́ 7

Ojúńrí wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ Tíṣà, ó tọ̀ sílẹ̀. A padà sílé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Ààrá wà nílé. Oúnjẹ ò gbóná tó. Abọ́ kan fọ́.

Ajé, ọjọ́ 10

Mo ran okùn àyà fún un. Okùn báàgì àtijọ́, mo ká aṣọ rírọ̀ mọ́ ọn nínú kó má bàa bó o lábíyá. Ààrá rí i lórí máṣíìnì láàárọ̀. Mo ní báàgì oníbàárà ni. Irọ́ ti ń yọ̀ lẹ́nu mi.

Nílé Tíṣà, mo tẹ́ aṣọ ìbora mi, èyí tí mi ò tíì fọ̀, sórí àga ẹ̀yìn kí Ojúńrí lè máa gbóòórùn mi. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé e. Ó já ẹran gbà. Ó sá. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn — wọ́n ní ọkùnrin kan tí àwọn ń kọ́ náà sá jáde báyìí, ẹran ni àwọn ò fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12

Ó wọlé pátá. Ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Mo jókòó tì í, àtẹ́lẹwọ́ mi láyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sáré bíi máṣíìnì tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́. Tíṣà jókòó níwájú, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13

A ti ilẹ̀kùn. A tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ̀n, èmi náà gbọ̀n. Tíṣà ní, "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ohun tó wà lára ẹ ló ń ràn án." Òótọ́ ni. Mo mí sínú, mo mí síta. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ 14

Èébì. Ó ti jẹun kí n tó rántí. Mo fọ àga Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì, òórùn ò lọ. Ó tì mí lójú, ó rẹ̀ mí. Ó ṣe mí bíi pé kí n jókòó sílé kí n máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ 16

Ààrá fa irun ajá yọ lára aṣọ mi. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo ní mo wẹ̀ ẹ́ ni. Ó wò mí pẹ́. Ó tún béèrè ohun tó máa ń béèrè: "Ojúńrí. Ta lo fi orúkọ yẹn ń pòwe mọ́?" Mo ní ajá lásán ni, ẹ má bínú. Ó ń fi ẹsẹ̀ ti ajá náà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò ta á nípàá. Ó kàn ń tì í.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18

A dé òpópónà ńlá! Okùn àyà wọ inú bẹ́líìtì dáadáa. Tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bíréèkì — okùn gbà á dúró, kò yẹ̀ lórí àga. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fèrè tó lè jí òkú. Ojúńrí na etí. Ó wò mí. Ó gbé orí lé itan mi.

Mo sunkún. Tíṣà rí mi nínú díńgí. Wọ́n ní, "Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú àwọn tí mò ń kọ́ lọ́dún yìí."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20

Kí n tó la ẹnu, ó ti bẹ́ sínú ọkọ̀. Ìrù ń gbá àga pó, pó, pó.

Mo ti ń kó aṣọ lọ sílé Tíṣà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé aṣọ oníbàárà. Máṣíìnì náà ti débẹ̀. Mo sọ fún Ààrá pé ó bàjẹ́, ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Inú mi ń dùn, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ìdùnnú kì í pẹ́ nínú ilé yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Mi ò pẹ́ rárá. Mo padà dé, géètì ṣí gbayawu. Ọkọ̀ Ààrá ò sí. Mo pe Ojúńrí. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ẹ̀yìnkùlé. Mo tún wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Obìnrin tó ń gbá òpópónà ló sọ fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ọkọ yín ló gbé e jáde. Ajá yín mà ti gbọ́n o! Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn ni, ó bẹ́ wọlé fúnra ẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́."

Fúnra ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin ò lè gbé e wọkọ̀. Ì bá bu Ààrá jẹ. Ì bá ké títí gbogbo àdúgbò á fi tú jáde. Èmi ni mo fi ẹran àti sùúrù gba ìbẹ̀rù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń dáàbò bò ó.

Ààrá dé nírọ̀lẹ́. Òun nìkan. Mo ní, "Níbo lo gbé e lọ?" "O" já bọ́ lẹ́nu mi. Mo dúró de ìgbájú. Kò gbọ́wọ́ sókè. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ajá tó bá ti mọ ọkọ̀ wọ̀, ìrìn àjò ló ń gbèrò. Ta ló kọ́ ọ? Níbo lẹ̀yin méjèèjì ń lọ?"

Àìkú, ọjọ́ 23

Ààrá ní ajá náà ò kú. Ó wà níbì kan. Tí mo bá gbé ilé jẹ́ẹ́ bí ìyàwó gidi, òun á lọ mú un wá. "Tó bá yá." Ó ń jẹun bó ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó sùn lọ́sàn-án, èmi àti Tíṣà rìn. Ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀dọ̀ alápatà. Ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí — ibẹ̀ ló burú jù, bí mo ṣe ń wò tí mò ń gbàdúrà kí n má rí. Kò sẹ́ni tó rí i. Ohùn mi ti há.

Ajé, ọjọ́ 24

Ààrá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ láìtilẹ̀kùn. Ó dá a lójú pé mi ò lè lọ síbi kankan.

Tíṣà dé. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní tí mo bá lọ, mo pa Ojúńrí. Tíṣà ní, "Okùn ajá ni ọkọ ẹ dì mú lóòótọ́. Ìwọ ló fi so." Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo wọkọ̀.

Gbogbo ajá ojú ọ̀nà ni mo wò. Lẹ́ẹ̀kan, mo ké pé kí wọ́n dúró, wọ́n dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ — ajá àwọn ẹlòmíì ni, akọ tiẹ̀ ni, abo sì ni Ojúńrí.

Ìrọ̀lẹ́ la dé. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú abọ́ omi. Wọ́n ti fi pákó dí ihò ara ọgbà. Àwọn tó sọ pé ajá kì í ṣe èèyàn nìyẹn. "Ajá dà?" Tíṣà ló bá mi dáhùn.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Ààrá pè. Kò pariwo. Ajá kan ń gbó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ? Máa bọ̀." Mo pa fóònù.

Gbogbo ajá ló ń gbó. Ajá aládùúgbò lè ni. Òun náà lè ni. Mo ti gbọ́ ọ léraléra nínú orí mi, lẹ́ẹ̀kan ó jẹ́ òun, lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe òun.

Tíṣà á sùn síbí, wọ́n á padà ní ìdájí. Àyè wà nínú ọkọ̀ wọn fún ẹni tó bá fẹ́ padà. Mo ti bẹ̀ wọ́n: tí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n má jí mi.