Mọ́tò Eléré-Ìje Tí O Rà fún Ìyá

Àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ara wa le, àfi ìbàdí Ìyá wa tí dókítà fi bẹ́líìtì dì. Mọ́tò kékeré eléré-ìje tí o fi ránṣẹ́ sí wọn ló fà á. Lóòótọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ títì ní kọ́nà ju ògbólógbòó mọ́tò wa lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá máa ń sùn nínú ògbólógbòó yẹn. Ṣọ́ọ̀kì abẹ́ mọ́tò tìẹ yìí le bí òkúta: tí a bá ti já sí kòtò kékeré, wọ́n á ké "Yéè!" Ọlọ́gbọ́n àṣejù, ṣé Ìyá ló ń wà á ni? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó!

Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Èmi ò dúpẹ́.

Kí Ọlọ́run mú ẹ wálé láyọ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni màá wá fi mọ́tò náà gbé ẹ. Ẹ̀yìn ni wàá jókòó, mi ò sì ní yẹ kòtò kankan.