Kọ̀ǹpútà Tó Ń So Èèyàn ní Méjì Méjì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Àwa náà ò kú, a kàn ń ṣe bí ẹni máa sàn ni. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Mo ń dá ọ lóhùn, o ò dúró gbọ́, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Ìyá rẹ ní bóyá inú ń bí ọ, la bá dákẹ́ kí o sọ tán.

O ní kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín ló ń so yín ní méjì méjì báyìí, pé kí ẹ jókòó mu tíì, kí ẹ mọ ara yín, kí ẹ má sì dárúkọ iṣẹ́ rárá. Ìyá rẹ béèrè bóyá ó wádìí ìdílé ẹni tó so ọ́ mọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọdé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé o ní láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀, ẹni tó jókòó tì ọ́ ò mọ orúkọ rẹ.

Mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sọ́míìlì wa. O mọ̀ pé gíga èjìká la fi ń so èèyàn pọ̀ níbẹ̀, kí igi tí ẹni méjì jọ rù má baà da sí ẹnì kan lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó ń gbá ìyẹ̀fun igi kò fi ní ẹnìkejì rí. Kúrú-bí-ikú la ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Mo ní ká ṣe bíi tiyín. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé tíì ló máa bá wa lagi ni. A ṣẹ́ gègé, Kúrú-bí-ikú bọ́ sí mi lọ́wọ́.

A jókòó lórí ìtì igi, a ń mu tíì. Nígbà tó yá, ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan lẹ́yìn odò, nínú ilé tí igi máńgòrò wó lé lórí tí wọn ò tún un ṣe, ìjà ló lé òun kúrò níbẹ̀. Ó wá béèrè rẹ. Mo ní o wà ní ọ́fíìsì ńlá, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé ọmọ mi náà kúrú.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìtì igi yí lù ú pa. Ọ̀gá béèrè ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà, àwọn yòókù ò mọ̀. Ó ní ká kúkú sin ín sẹ́yìn sọ́míìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìyẹ̀fun igi. Èmi ni mo la ẹnu, mo ní mo mọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

A gbé e lọ. Ìkánjú ò jẹ́ ká wọn èjìká, pósí náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí a fi dé ilé tí igi wó lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún, ó ń pè é ní orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ rí. Ó béèrè ẹni tó júwe ilé fún wa. Mo ní kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un.

Nítorí náà, bó bá tún so ọ́ mọ́ ẹnì kan, má fi tíì náà sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Júwe ilé wa fún un: kó sọ̀ níbi tí ọ̀dà títì parí sí, kó gba ẹ̀yìn kànga, ilẹ̀kùn búlúù tí o fi èédú kọ orúkọ rẹ sí nígbà tí o wà ní kékeré, a ò tíì pa á rẹ́. Bí owó díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́, èjìká ń dùn mí, òróró ìpara ti tán. Bí kò bá sí, júwe ilé ná.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọ gba ọ̀nà náà láé. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi tọ̀ ọ́ wálé.

Èmi ni bàbá rẹ.