Ìdí Tí N Kò Fi Kọ Orúkọ Ọmọ Wa Sílẹ̀

                                        Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                        Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Màmá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo àdúgbò jà nítorí ariwo? Ọkọ mi kékeré, ọmọ rẹ tí kì í jẹ́ kí n simi lórí fóònù, ṣé ojú rẹ̀ kò wú mọ́ láàárọ̀? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí oúnjẹ kò ti wù mí. Kì í ṣe àìsàn o. Ìríra ni.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní ẹ gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ilé ìwádìí wa ti rí oògùn àìsàn kíndìnrín tó ń ṣe ọmọ wa, pé kí n bá yín kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ fún. N kò kọ ọ́. Má bínú. Jókòó, kí o kà á dé òpin.

Purotéènì ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ inú ara wa, wọ́n sì tó ọ̀kẹ́ kan oríṣi. Àwọn díẹ̀ tó lókìkí nínú wọn ni gbogbo onímọ̀ ṣù bò bí eṣinṣin ṣe ń ṣù bo egbò. Àwọn yòókù wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ìwòsàn ọmọ wa wà. Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gba iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n fún èmi àti akẹgbẹ́ mi, Jẹ́jẹ́, nọ́ńbà lásán ló ń jẹ́. Àwa sọ ọ́ ní Aláìlórúkọ.

A ra omi kan tí wọ́n ṣe kó lè lẹ̀ mọ́ Aláìlórúkọ nìkan, kó sì tàn bí iná aláwọ̀ ewé níbikíbi tó bá wà. A kán an sí ègé bíńtín tí àwọn dókítà gé lára kíndìnrín àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe, ó tàn yòò. A kán an sí ti àwọn tí ara wọn dá, ó rí bàìbàì. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́nu-oyin lẹ́yìn rẹ̀, fò sókè, ó ní ọwọ́ ti tẹ olè. Ó ní Aláìlórúkọ ló ń ba kíndìnrín jẹ́, oògùn tó bá ti lè dá a lọ́wọ́ kọ́, ọmọ á gbádùn.

Jẹ́jẹ́ ló ní ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A mú sẹ́ẹ̀lì, a yọ Aláìlórúkọ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, a wá kán omi wa sí i. Ó tún tàn yòò! Ọ̀rẹ́ mi, onílé ti kó jáde, fìtílà ṣì ń jó níbẹ̀. Nǹkan mìíràn ni omi yẹn ti ń lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yìí. A ò tíì fojú kan Aláìlórúkọ rí.

Mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ bá Ẹlẹ́nu-oyin. Ó ń tayín lọ́wọ́, kò tilẹ̀ yọ igi lẹ́nu. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló mọ purotéènì yìí láyé ńbí?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni, sà.”

“Ká ní èyí tó lókìkí ni, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló máa tún un ṣe kí wọ́n tó gbà wá gbọ́. Èyí ńkọ́? Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.”

Ó tu èérún ẹran sórí àwòrán mi, ó sì nà án padà sí mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sáré gbà, mo sì bì.

Kò pẹ́ ló pe àwọn òbí jọ sí gbọ̀ngàn, òun pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà. Ohun tí ẹ wò nìyẹn. Ohun tí kámẹ́rà kò fi hàn yín rèé: ìyá kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń ṣàdúrà fún un. Ẹlẹ́nu-oyin náà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tí mo dúró sí, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu ọwọ́ náà níka-níka, bí ẹni tó fọwọ́ kan ìgbẹ́. Ó wá padà síta, ó ní kí wọ́n ti máa dá oògùn àtijọ́ dúró, kí ara àwọn ọmọ lè mọ́ de tuntun.

Mi ò mọ ìgbà tí mo jáde síwájú wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn kankan dúró! A ò tíì rí nǹkan kan!” Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Ṣé o mọ ẹni tó kọ́kọ́ kojú mi? Ìyá yẹn ni.

“Kí ni mo fi ṣe ọ́? Àbí ìlara ni? Ṣé ọmọ tìẹ ló ń wú?”

Gbogbo gbọ̀ngàn hó lé mi lórí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ sì kó ẹrù tirẹ̀ tẹ̀lé mi. A tọ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọmọdé lọ. Àwọn náà tún un ṣe, ohun kan náà ni wọ́n rí, wọ́n sì ti fagi lé gbogbo ètò náà. Tẹlifíṣọ̀n kò sọ ìyẹn o! Àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń fi hàn ní àfihàntúnfihàn. Ẹlẹ́nu-oyin ṣì wà lórí àga rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti mú purotéènì mìíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn kì í kúkú gba àkàkà lọ́wọ́ akítì.

Ilé ìwádìí kékeré kan ti gba èmi àti Jẹ́jẹ́. Aláìlórúkọ náà la ṣì ń wá, torí òun kò ṣẹ̀ wá, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Bóyá òun ló ń ba kíndìnrín jẹ́, bóyá òun ló ń dáàbò bò ó, mi ò mọ̀.

Lánàá ni ìyá ọjọ́sí pè mí. Kí àwọn dókítà tó rí i bá sọ̀rọ̀, ó ti dá oògùn ọmọ rẹ̀ dúró. Ọmọ náà wú títí ojú rẹ̀ fi dí, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo lọ bá wọn nílé ìwòsàn. Ọmọ náà ti ń jókòó, ó ń bèèrè omi ọsàn. Ìyá kò bú mi mọ́. Ó kàn tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Èwo nínú yín ni ká wá gbà gbọ́ báyìí?” Mo kàn jókòó tì í.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Màmá, kí o sì bá mi di ọkọ mi kékeré mọ́ra. Ọ̀rẹ́ mi, má ṣe gba èmi pàápàá gbọ́. Gbé ọmọ wa lọ bá dókítà rẹ̀ lọ́la, kí o bi í ní gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde nílé, fún un ní oògùn rẹ̀, bó tilẹ̀ ń sunkún.

Tìrẹ ni mo jẹ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn,

Abẹ́rẹ́